Cusco, Ìlú Orí Òkè, àti Àwọn Tí Ó Ya Àwòrán Rẹ̀



Ìlú tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ní alẹ́ yìí jìnnà sí wa púpọ̀. Cusco ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní ilẹ̀ Perú, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti Gúúsù, láàárín àwọn òkè gíga tí a ń pè ní Andes. Kò sí òkè kan ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí a lè fi wé e. Àfonífojì tí a tẹ ìlú náà dó sí pàápàá ga ju etí òkun lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 11,000 ó lé díẹ̀. Bí àlejò bá ti etí òkun gòkè dé ibẹ̀, orí a máa fọ́ ọ, èémí rẹ̀ a sì máa kúrú, títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́ ibẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n ń gbin àgbàdo àti ànàmọ́ òyìnbó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ yìí ṣì wá lọ́nà. Ànàmọ́ tí àwa ń pè ní ti òyìnbó kì í ṣe ti òyìnbó rárá. Ọwọ́ àwọn baba ńlá àwọn ará òkè wọ̀nyí ni òyìnbó ti gbà á.

Kí àwọn ará Spéìn tó dé, Cusco ni olú-ìlú ìjọba àwọn Inca. Ibẹ̀ ni ọba wọn ń gbé, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀nà ìjọba náà ti pàdé. Ní oṣù November ọdún 1533 ni Francisco Pizarro àti àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ wọ ìlú náà. A kó wúrà inú tẹ́ḿpìlì Coricancha lọ, a sì kọ́ ilé ìjọsìn Santo Domingo lé orí ògiri rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìgboro Cusco ti rí títí di òní: ìsàlẹ̀ ilé jẹ́ òkúta tí àwọn Inca gbẹ́, tí wọ́n sì tò láìfi amọ̀ sí àárín rẹ̀, òkè rẹ̀ jẹ́ ilé tí a kọ́ ní ìgbà àwọn ará Spéìn. Àwọn ènìyàn náà sì wà ní ìpele méjì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Èdè Quechua ni ọ̀pọ̀ ń sọ nílé àti lóko. Èdè Spéìn ni a fi ń ṣe ẹjọ́, òun ni a fi ń kọ ìwé, òun ni a sì fi ń ra ilẹ̀ tí a fi ń tà á.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn àwọn tí kò kọ ìwé, níbo ni yóò ti wá a? Ní Cusco, àwọn tí ó ni oko ńláńlá àti àwọn ìbátan wọn ni ó ń kọ ìwé, àwọn ni ó ń dájọ́, àwọn ni ó sì ń ròyìn àwọn ará oko fún ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn wà, òun ni mo sì fẹ́ mú wá síwájú yín: nǹkan bí 30,000 àwòrán orí dígí tí ọkùnrin kan tí a bí sínú ilé àwọn àgbẹ̀ tí ń sọ Quechua yà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀, àti àwọn sinimá tí àwọn ọmọ ayàwòrán ìlú náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ní èrò tèmi, ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn Cusco ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 20 láìwo àwọn àwòrán wọ̀nyí, ojú kan ni ó fi ń wòran. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí a ti ń kà wọ́n, nítorí àwòrán náà ní ọgbọ́n àrékérekè tirẹ̀.

Àṣà àwòrán kò bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí nígbà tí ẹ̀rọ dé. Ní nǹkan bí ọdún 1680 àwọn ayàwòrán Cusco fi ọ̀dà ya ìrìn ọ̀wọ̀ ọjọ́ Corpus Christi fún ilé ìjọsìn Santa Ana. Nínú àwọn àwòrán ńlá wọ̀nyí, bí àwọn ère ẹni mímọ́ ti ń kọjá ní ìgboro, a rí àwọn ọmọ ọba Inca tí wọ́n wọ aṣọ oyè baba wọn, a rí àlùfáà, a rí àwọn tí ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ọjọ́ àjọ̀dún yìí kan náà ni àwọn ayafọ́tò yóò tún yà ní ọ̀rúndún 20, òun náà sì ni sinimá yóò bá ní ọdún 1955. Ìlú tí ó fẹ́ràn láti máa wo ara rẹ̀ ni Cusco.

Reluwé dé ibẹ̀ ní ọdún 1908. Ní July 24, 1911, Hiram Bingham, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Yale ní Amẹ́ríkà, gun òkè dé ahoro Machu Picchu, ó sì ní kámẹ́rà lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn National Geographic ti oṣù April 1913 fi gbogbo ojú ìwé rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ayé sì rí àwọn òkúta náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí Bingham tó dé, àwọn àgbẹ̀ ti ń gbé lórí òkè náà, wọ́n ń gbin oko sí ibi tí àwọn Inca ti gbin tiwọn. Àwọn ará ibẹ̀ ni ó sì fi ọ̀nà hàn án. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ènìyàn nínú irú àwòrán wọ̀nyẹn, ó sábà máa ń dúró lẹ́bàá ògiri kí a lè mọ bí ògiri náà ti ga tó. Ọ̀pá ìwọ̀n ni wọ́n fi í ṣe. N kò sọ èyí láti bu Bingham kù. Ohun tí ó wá lọ ni ó yà. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ ohun tí ó yàtọ̀ nínú iṣẹ́ ẹni tí ó kàn.

Martín Chambi ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní November 5, 1891, ní Coaza, ìlú kékeré kan ní agbègbè Puno, níhà àríwá adágún Titicaca. Bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ níbi tí ilé-iṣẹ́ àjèjì kan ti ń wa wúrà, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ rí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán. Nǹkan náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ní 1908 ó lọ sí ìlú ńlá Arequipa, ó sì di ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ Max T. Vargas, ọ̀gá ayafọ́tò tí òkìkí rẹ̀ kàn níbẹ̀. Ó sìn ín fún ọdún púpọ̀ kí ó tó gba òmìnira. Ní 1917 ó ṣí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sí Sicuani, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ káàdì aláwòrán tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní 1920 ó kó wá sí Cusco.

Kò bá ilẹ̀ lófìfo. Àwọn ayàwòrán mìíràn ti wà níbẹ̀: Miguel Chani, Juan Manuel Figueroa Aznar tí ń fi ọ̀dà yà tí ó sì tún ń fi ẹ̀rọ yà, àti àwọn ará Cabrera. Ìgbà náà jẹ́ ìgbà ìjíròrò gbígbóná ní ìlú náà. Àwọn akọ̀wé bíi Luis E. Valcárcel àti José Uriel García ń sọ ọ́ gbangba pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ Perú, àti pé ìyà tí a fi ń jẹ wọ́n ní oko kò gbọdọ̀ máa bá a lọ. Chambi bá wọn kẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé náà ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará oko láti òde wá. Chambi ti inú wọn jáde.

Ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí láìmọ̀ ọ́ a ó ṣi àwọn àwòrán náà kà. Lórí dígí ni ó ń ya àwòrán. A ti fi oògùn tí ìmọ́lẹ̀ ń pa lára dà sí ojú dígí náà. A ó tì í bọ inú ẹ̀rọ onígi ńlá tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹni tí ń ya àwòrán yóò fi aṣọ dúdú bo orí, yóò sì ṣí ojú ẹ̀rọ fún ìwọ̀nba àkókò kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ohun tí ó mọ́ yóò dúdú lórí dígí, ohun tí ó dúdú yóò mọ́. Ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni yóò tó padà bọ̀ sípò. Nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ni Chambi ń lò, ó ń wọlé láti orí òrùlé tí a fi dígí ṣe, aṣọ títa ni ó sì fi ń dín in kù tàbí fi ń darí rẹ̀. Ẹni tí a ń yà kò gbọdọ̀ mira. Nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ojú àwọn ará Cusco le nínú àwòrán wọ̀nyí, ẹ má yára wí pé ìbànújẹ́ ni tàbí ìgbéraga. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó dúró gbọnyin, ojú rẹ̀ a máa le.

Chambi fi àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú èyí tí ó yà ní 1923: ó di dígí mú lọ́wọ́, ó ń wò ó, àwòrán òun tìkára rẹ̀ ni ó sì wà lórí dígí náà. Ọkùnrin tí ó wọ kóòtù tí ó sì so táì ni à ń wò. Ọmọ àgbẹ̀ ti di ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìgboro.

Ta ni ó ń san owó fún un? Àwọn ọlọ́lá ìlú ni, ó sì dára kí a sọ èyí láìfi bò. Ní 1930 ó ya ìgbéyàwó Julio Gadea, aláṣẹ agbègbè Cusco. Aṣọ funfun ìyàwó yọ láti inú òkùnkùn bí òṣùpá. Ó ya àsè nínú oko àwọn ọlọ́rọ̀, ó ya ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù, ó ya ọ̀dọ́kùnrin kan lórí alùpùpù rẹ̀ nígbà tí irú rẹ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n ní òpópónà olókùúta Cusco. Ó ya ilé ọtí pẹ̀lú, níbi tí a ti ń mu chicha, ọtí àgbàdo tí ó jọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa. Ìgbà náà ni ayé tuntun ń wọ ìlú: ní 1925 Alejandro Velasco Astete, ọmọ Cusco, fò nínú ọkọ̀ òfurufú kọjá lórí òkè wá sí ìlú rẹ̀, kò sì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ náà ní Puno.

Ṣùgbọ́n dígí kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, àti sùúrù kan náà ni ó fi ya àwọn aláìní. Ní 1925 ó mú ọkùnrin ará oko kan tí ó ga lọ́nà ìyanu wọ inú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn máa ń pè é ní Òmìrán Paruro. Aṣọ ọkùnrin náà ti ya, a ti lẹ̀ ẹ́, ó tún ya. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó sì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbà náà ni ìbá sọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ di ìran àpéwò. Chambi pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, nítorí nínú àwòrán mìíràn ó mú ará ìlú kan dúró tì í kí a lè rí bí ó ti ga tó. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó dá dúró, ọkùnrin náà dúró bí ẹni tí a bẹ̀ pé kó wá. Gbogbo ìlẹ̀pọ̀ aṣọ rẹ̀ hàn kedere bí a ti rí ìránṣọ ìyàwó Gadea, a kò fi nǹkan kan pamọ́, a kò sì fi ṣe ẹ̀sín.

Àwòrán kan ń bẹ tí ó yà ní 1929 nínú ilé ẹjọ́ Cusco: àwọn obìnrin ará oko ni, wọ́n wá jẹ́rìí. Ẹ rò ó wò ná. Quechua ni èdè wọn, Spéìn ni èdè ìwé tí a ń kọ ẹ̀rí wọn sí. Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà ti ẹnu àwọn ẹlòmíràn kọjá kí ó tó wọ ìwé ilé ẹjọ́; ojú tí wọ́n fi jókòó sọ ọ́, èyí ni Chambi gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀gbufọ̀ kan kò sì wà láàárín.

Nígbà kan ó fi ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ fún wọn. Àwòrán rẹ̀ ti 1933, èyí tí ó yà ní La Raya, fi ọkùnrin kan hàn tí ó ń fọn fèrè lẹ́bàá llama, ẹranko tí ó dà bí àgùntàn ọlọ́rùn gígùn. Àkọlé rẹ̀ ni Ìbànújẹ́ Orí Òkè. Èmi kò fẹ́ràn àkọlé náà. Ta ni ó sọ fún wa pé inú afọnfèrè náà bàjẹ́? Ẹni tí ń ra káàdì ní ìlú ńlá fẹ́ kí ará òkè máa sunkún, nítorí ẹkún rẹ̀ dùn ún wò, kò sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin inú ilé ẹjọ́ kì í ṣe irú èyí. Wọ́n ń béèrè ohun kan.

Chambi mọ ohun tí ó ń ṣe. Nígbà tí ó kó àwòrán rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Chile ní 1936, ó sọ níbẹ̀ pé òun ti kà á pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbà pé àwọn ọmọ onílẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ tàbí ọlàjú. Ẹ̀rí tí òun mú wá, ó ní, yóò sọ̀rọ̀ ju ẹnu òun lọ. National Geographic tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní February 1938, ọdún 25 lẹ́yìn ti Bingham.

Ní ọjọ́ Sunday, May 21, 1950, ilẹ̀ mì ní Cusco. Kì í ṣe àkọ́kọ́. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní March 31, 1650 ni ó fa àjọ̀dún Olúwa Ìmìtìtì Ilẹ̀, tí àwọn ará Cusco ń gbé ère rẹ̀ yí ìlú ká lọ́dọọdún ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde. Ti 1950 wó ilé púpọ̀ lulẹ̀, ó ba ilé ìjọsìn Santo Domingo jẹ́ gidigidi, ògiri Coricancha tí a ti bò mọ́lẹ̀ sì yọ síta. Ní 1951 àjọ UNESCO rán àwọn amòye lọ, George Kubler ni olórí wọn, kí wọ́n lè gbìmọ̀ bí a ó ti tún ìlú náà kọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn fọ́tò àtijọ́ ti di ohun mìíràn. Ilé tí ó wó, ojúlé tí a kò tún kọ́ mọ́, inú dígí ni wọ́n kù sí. Chambi alára ti lé ní ẹni ọdún 58. Lẹ́yìn ìmìtìtì náà iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀.

Àwọn ọmọ gba iṣẹ́ náà. Ní 1955 ni àwọn ọ̀dọ́ Cusco kan dá ẹgbẹ́ sinimá sílẹ̀. Lára wọn ni Manuel Chambi, ọmọ Martín. Luis Figueroa, ọmọ Figueroa Aznar tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Àti Eulogio Nishiyama. Sinimá kúkúrú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Corpus del Cuzco ti 1955 tún padà sí àjọ̀dún tí àwọn ayàwòrán 1680 yà. Carnaval de Kanas lọ bá àwọn ará oko níbi eré wọn. Georges Sadoul, ọ̀mọ̀wé ará Faransé nínú ìtàn sinimá, ni ó pè wọ́n ní Ilé Ẹ̀kọ́ Cusco. Ní 1961 Figueroa, Nishiyama àti César Villanueva mú Kukuli jáde, ìtàn gígùn tí ó ní àwọ̀, nípa ọmọbìnrin darandaran kan àti ẹranko béárì inú àlọ́ tí ó jí i gbé nígbà àjọ̀dún Paucartambo.

Ohun tí dígí kò lè ṣe láéláé ni sinimá yìí ṣe: ó sọ Quechua. Òun ni a kà sí sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí a ṣe ní èdè náà. Ohùn asọ̀tàn kan ń sọ èdè Spéìn lé e lórí, ohùn náà sì ń ṣe àlàyé ju bí ó ti yẹ lọ, bí ẹni pé àwọn ará ìlú ńlá kò lè wo ará òkè fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsí atọ́nà. Síbẹ̀, ẹ rántí pé ọdún 1975 ni Perú tó fọwọ́ sí Quechua gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba, ọdún 14 lẹ́yìn sinimá náà. Ọdún 1969 sì ni òfin Juan Velasco Alvarado tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba oko ńláńlá lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n, tí a fi fún àwọn tí ń ro wọ́n.

Martín Chambi kú ní Cusco ní September 1973. Àwọn ọmọ rẹ̀, Víctor àti Julia, tí àwọn náà jẹ́ ayafọ́tò, ni ó pa àwọn dígí náà mọ́. Ní 1977 Edward Ranney, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, bá Víctor dáwọ́ lé e, pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́, láti nù wọ́n, láti tò wọ́n, àti láti tẹ̀ nínú wọn sórí ìwé. Ní 1979 a pàtẹ wọn ní Museum of Modern Art ní New York, ibẹ̀ ni òkìkí wọn ti kàn ká ayé.

Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù ni ti orúkọ. Ẹni tí ó sanwó, orúkọ rẹ̀ wà: ìgbéyàwó Gadea, ìkórè ànàmọ́ Ezequiel Arce ti 1934. Àwọn tí kò sanwó ń jẹ́ obìnrin ará oko, alágbe, afọnfèrè. Chambi ya ọkùnrin kan nídìí dùrù nínú ilé ìjọsìn kékeré ní Tinta, ní 1935, ní agbègbè tí Túpac Amaru Kejì ti gbé ogun dìde sí ìjọba Spéìn ní 1780. Kò sí ohun tí ó dára ju àwòrán náà lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, lójú tèmi. Àkọlé rẹ̀ sọ pé atẹdùrù ni ọkùnrin náà, ó sọ orúkọ ìlú, ó sì sọ ọdún.